Ríìmù Benz SL àtijọ́: bí a ṣe ń yan èyí tí kò ní máa ha inú

Benz SL R107, onílẹ̀kùn méjì tí Mercedes ṣe láti 1971 títí di 1989, kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rà á kó tó wù ú láti pààrọ̀ ríìmù. Ibì kan náà ni mo ti ń rí i tí wọ́n ń ṣì í ṣe ní Òṣogbo níbí. Oníbàárà á dúró níwájú ìsọ̀ tòkúnbọ̀, á béèrè pé, "Bọ̀dá, ṣé ti Benz ni?" Wọ́n á ní, "Ojúlówó Benz ni, ọ̀gá mi." Wọ́n á dè é, bóòtì á wọlé wẹ́rẹ́, inú gbogbo èèyàn á dùn. Ó di ìgbà tó bá yí sítíárínì ní oríta Ọlá-Ìyà kó tó gbọ́ kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀ iwájú. Pé bóòtì wọlé kò ní kí ríìmù bá ọkọ̀ mu.

Ti ihò bóòtì kò le. 5x112 ni ẹ ń wá, ìyẹn ihò bóòtì márùn-ún lórí òbìrí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 112, ihò àárín 66.6 mílímítà. Ríìmù Passat tàbí Golf 5 náà jẹ́ 5x112, ṣùgbọ́n ihò àárín rẹ̀ jẹ́ 57.1, kò ní wọ họ́ọ̀bù, irin àárín tí a ń de ríìmù mọ́. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin lè bá yín fẹ̀ ẹ́. Èmi kì í ṣe é. Ríìmù Benz kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Offset ni iṣẹ́ wà. Ẹ wo ẹ̀yìn ríìmù: ojú kan wà níbẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù. Iye mílímítà tó wà láàárín ojú yẹn àti ìlà tó pín fífẹ̀ ríìmù sí méjì gẹ́lẹ́ ni offset. Wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sára ríìmù pẹ̀lú lẹ́tà ET. Eruku búrékì ló máa ń bò ó. Kẹrosíìnì díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó á mú un jáde. Ẹ má sanwó kí ẹ tó rí i. Bí ẹ bá rí "7J x 15 H2 ET25", fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 7, gíga rẹ̀ 15, offset rẹ̀ 25; J àti H2 kò kàn wá níbí. Ríìmù tí àwọn SL tó jáde láti 1986 ń gbé wá nìyẹn. Bí ET bá ṣe ń ga sí i ni táyà ń wọnú sí i. Bó bá ṣe ń rẹlẹ̀ ni táyà ń yọ síta sọ́dọ̀ fẹ́ńdà.

Ẹ mú bírò báyìí. Ínǹṣì 7 jẹ́ mílímítà 177.8, ìdajì rẹ̀ 88.9. Ẹ fi 25 kún un, ó di 113.9: bó ṣe wọnú tó nìyẹn. Ẹ yọ 25 kúrò lára 88.9, ó ku 63.9: bó ṣe yọ síta tó nìyẹn. Ó wá kan ríìmù C-Class W204 tó kún ìsọ̀, 7.5J x 17 ET47. Ìdajì fífẹ̀ rẹ̀ 95.25. Inú di 142.25, ìta di 48.25. Ó fi mílímítà 28 wọnú ju ti àtijọ́ lọ, ó tún sá kúrò lẹ́nu fẹ́ńdà ní nǹkan bíi 16. Níbo ni 28 yẹn fẹ́ gbà? Ara irin tó gbé họ́ọ̀bù àti ẹnu táí-rọ́ọ̀dù, irin tó ń yí ẹsẹ̀ iwájú, ni. Ẹ ò rí i pé Benz ni méjèèjì, ihò kan náà, síbẹ̀ wọn ò jọ rárá. ET20 sí ET30 ni mo máa ń dúró sí, fífẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 7.5 lọ. Gíga 15 tó, ẹ sì lo táyà 205/65. Ẹni tó bá fi táyà pẹlẹbẹ sí i, kòtò ojú ọ̀nà á bá a ṣírò owó.

Bí ET bá ti pa rẹ́, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ dojú ríìmù bolẹ̀ lórí páálí, kí táyà má sí lára rẹ̀. Ẹ gbé pákó tó tọ́ lé etí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ wọn ìsàlẹ̀ pákó dé ojú tó ń lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù. Ẹ wọn fífẹ̀ ríìmù láti etí dé etí, kí ẹ pín in sí méjì, kí ẹ yọ ọ́ kúrò lára ti àkọ́kọ́. 136 láti pákó, 203 láti etí dé etí: ìdajì 101.5, ó ku 34.5, ET35 nìyẹn. Tépù onírin ni kí ẹ lò. Ti télọ̀ ń nà.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi sipésà, irin pẹlẹbẹ tó ń wà láàárín ríìmù àti họ́ọ̀bù, tì í síta. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n inú họ́ọ̀bù ni bóòtì Benz ń wọ̀, nítorí náà bí sipésà bá ṣe nípọn tó ni bóòtì ṣe kúrú tó. Bóòtì gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà méje, ó kéré tán, kó tó le. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ ra èyí tó gùn. Ẹ wo ọrùn rẹ̀ náà: ti Benz rí roboto, èyí tó pọ̀ lọ́jà ṣe ṣóńṣó, kì í jókòó dáadáa nínú ihò roboto. Ẹni tó bá ní ká kó wáṣà jọ dípò sipésà, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹ tó ra mẹ́rin, ẹ bẹ oníṣọ̀ọ́ kó yá yín ẹyọ kan tó ní táyà lára. Ẹ po amọ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí irin ti sún mọ́ táyà, kó nípọn bí ìka àárín. Ẹ de ríìmù, ẹ sọ ọkọ̀ sílẹ̀ kúrò lórí jáàkì, ẹ kó àpò sìmẹ́ǹtì méjì sí búùtù, kí ẹ yí sítíárínì dé òpin lápá ọ̀tún àti òsì. Ẹ tú ríìmù, ẹ wo amọ̀. Níbi tí ìnípọn rẹ̀ kò bá tó mílímítà 8 mọ́, ẹ dá ríìmù padà fún ẹni tó ni ín. Ẹ ṣe ẹ̀yìn náà bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì ti ń ṣiṣẹ́ jù.

110 Nm (ìwọ̀n agbára ìdè lára sípánà oníwọ̀n) ni kí ẹ fi de bóòtì, lọ́nà àgbélébùú, kì í ṣe yípo. Ẹ wà á lọ-bọ̀ Iléṣà, kí ẹ sì tún un dè nígbà tí ríìmù bá ti tutù.