Ọmọ Yín Fẹ́ Lọ Sùn ní Kámpù Iléèwé? Ẹ Jẹ́ Kó To Báàgì Ẹ̀ Fúnra Ẹ̀

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà n'Íléṣà àti agbègbè ẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Tí iléèwé bá ti kọ lẹ́tà sílé pé àwọn ọmọ fẹ́ lọ ṣe ẹ̀kọ́ inú igbó ọlọ́jọ́ mẹ́ta, wọ́n á gun òkè, wọ́n á wo omi Olúmìrìn tó ń já bọ́ láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, wọn ò sì ní sùn nílé, ọjà Àtàkúnmọ̀sà ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ sáré lọ, ká ra báàgì tuntun, ká ra bísíkíìtì, ká ra mílíìkì. Èmi náà ṣe é nígbà tí àkọ́bí mi kọ́kọ́ lọ. Mo ká aṣọ mẹ́fà, mo kó pátá sábẹ́ pátápátá, mo ti ọṣẹ sí ẹ̀gbẹ́. Ìgbà tó dé, bí mo ṣe ká aṣọ yẹn náà ló wà, kò mọ ibi tí mo kó nǹkan sí, ṣòkòtò tó wọ̀ lọ ló wọ̀ bọ̀, òórùn ẹ̀ gba gbogbo pálọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá o! Ẹ̀bi mi ni.

Torí náà, ọmọ ni kó to báàgì ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ lísìtì fúnra ẹ̀, ẹ̀yin ẹ kàn jókòó tì í. Tó bá tò ó tán, ẹ ní kó tú u, kó tún un tò lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà kó gbé e kọ́ èjìká, kó rìn dé jọ́ńṣàn kó padà, tó bá ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹrù yẹn ti pọ̀ jù nìyẹn. Àwọn òṣómàáló wa tó ń ru aṣọ kiri ìlú onílùú láyé ìjọ́sí, ṣé wọ́n ru gbogbo ilé wọn dání ni?

Aṣọ tó máa kó, ìgbà ló máa sọ ọ́. Tó bá jẹ́ oṣù kìíní, tí ọyẹ́ wà ńlẹ̀, oòrùn á ta lọ́sàn-án, òtútù á mú láàárọ̀, súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ pọn dandan, kó má gbàgbé ìpara. Táàmù kẹta tí òjò ti dé, ẹ wá kóòtù òjò fún un, ẹ jẹ́ kó di aṣọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú náílọ́ọ̀nù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn ni òjò ò ní bà jẹ́, kò sì ní máa wá pátá kiri bíi ti ọmọ mi. Tọ́ọ̀ṣì tó ní bátìrì tuntun náà ṣe pàtàkì.

Ẹ gbọ́ ti bàtà dáadáa. Ìpele méje ni omi Olúmìrìn ní, òkúta ibẹ̀ ń yọ̀, sílípáàsì ò ṣeé gùn ún. Kánfáàsì tó di ẹsẹ̀ mú ni, kó má sì jẹ́ èyí tẹ́ ẹ rà lánàá, ẹ jẹ́ kó ti wọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bàtà á jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ sọ fún un látilé pé tí tíṣà bá ní kí wọ́n má wọ omi, kó má wọ̀ ọ́, torí òjò lè rọ̀ lókè lọ́hùn-ún kí omi ya wá lójijì, bí ojú ọ̀run ibi tẹ́ ẹ dúró sí tiẹ̀ mọ́ kedere.

Oúnjẹ ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ẹ má di mọ́ínmọ́ín tàbí ìrẹsì sí fúláàsì fún un, kò ní ṣeé jẹ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀pà, ṣinṣín àti kúlíkúlí tó.

Oorun lọ̀ràn gan-an. Ọmọ tí ò sùn níbòmíì rí, ẹ má jẹ́ kí kámpù ló máa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, bóyá Ìbòkun, kó sùn ọjọ́ méjì láìsí ẹ̀yin ńbẹ̀. Ẹ má sọ fún un pé "tó bá sú ẹ, n ó wá mú ẹ," torí ọ̀rọ̀ yẹn á máa ró lọ́kàn ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Èyí tó bá ṣì ń tọ̀ sílé, ẹ má bú u, ẹ má sì fi pa mọ́ fún iléèwé. Ẹ fa tíṣà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ sọ fún un jẹ́jẹ́, kó lè máa jí i lóru, kí ọmọ náà mú ṣòkòtò kún tiẹ̀ àti ráwọ́bà tó máa tẹ́ sábẹ́. Ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan lè má fẹ́ kúrò nílé mọ́ láé.

Ẹ̀fọn tó ń kó ibà ranni, alẹ́ ló máa ń jẹ èèyàn jù, ẹ bi iléèwé bóyá nẹ́ẹ̀tì olóògùn wà níbi tí wọ́n máa sùn, bí ò bá sí, kó gbé tiẹ̀ dání. Asíma, wárápá, oògùn tó ń lò, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, inhaler kó wà lọ́wọ́ ọmọ fúnra ẹ̀, kó má wà nísàlẹ̀ báàgì tíṣà. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ jẹ́ SS, ìyẹn àìsàn tí wọ́n ń pè ní arómọléegun, òtútù, òùngbẹ àti àṣejù lè gbé ìrora dìde sí i lára, torí náà ẹ bá dókítà ẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, tó bá lọ, kó máa mu omi ṣáá, kó má wọ inú omi tútù yẹn. Ẹ tún bèèrè ta ló máa sùn ní yàrá àwọn ọmọbìnrin, ilé ìwòsàn wo ló sún mọ́ ibẹ̀, àti pé ṣé ọ̀sán ni ọkọ̀ máa rìn. Bí ìdáhùn wọn bá ń lọ́ lùkùlùkù, ẹ má fọwọ́ sí i.

Tó bá ti lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe tíṣà lẹ́ẹ̀mẹjọ lóòjọ́.

Ọjọ́ tó bá dé, ẹ yẹ etí, abíyá àti ẹ̀yìn orúnkún ẹ̀ wò fún eégbọn, ẹ da aṣọ sínú omi ọṣẹ. Tí ara ẹ̀ bá gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sígbà náà, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ra oògùn ibà, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn ibi tó ti sùn. Àwọn ìtàn kámpù yẹn, ẹ jẹ́ kó sùn ná, yóò sọ ọ́ tó bá jí.