Ẹ Yé Ṣe Òṣómàáló Lórí Abọ́ Ọmọ: Àṣìṣe Àwọn Òbí Tó Ń Yọjú Síléèwé Lọ́sàn-án

Ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín ni mò ń tà nínú ọgbà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nílùú Iléṣà. Kí n tó débẹ̀, mo wà lára àwọn tó ń se oúnjẹ fáwọn ọmọ iléèwé nígbà O'Meals, ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ níléèwé tí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012. Mo tún rán ọmọ mẹ́rin tèmi níléèwé. Ohun tójú mi ń rí lọ́wọ́ àwọn òbí tó ń yọjú sọ́mọ wọn nígbà ìsinmi ọ̀sán ti sú mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣàdédé yọ sí kíláàsì. Ọ́fíìsì lẹ kọ́kọ́ ń lọ, ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀, kí wọ́n pe ọmọ wá bá yín. Ayé gbọ́mọgbọ́mọ la wà yìí. Mègáàdì tó dá yín dúró, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, ẹ má bi í bóyá kò mọ̀ yín ni.

Àṣìṣe kejì ni kí ẹ lọ wo ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lọ́sẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Èmi alára ṣe é. Àkọ́bí mi ò tíì lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí mo fi lọ yọjú lójú fèrèsé, mo ní mo kàn fẹ́ rí i ni. Ọmọ tó ti ń jẹ ìrẹsì rẹ̀ jẹ́jẹ́ gbójú sókè, ó rí gèlè mi, ló bá figbe ta. Ẹni tó jókòó tì í gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kí n tó sá dé géètì, gbogbo kíláàsì ti ń pe màmá wọn. Tíṣà wọn ò bú mi. Ó kàn ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o." Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń ta mí lára dòní.

Ìkẹta, ọ̀rọ̀ owó. Bàbá kan á gun ọ̀kadà, á lọ ra adìyẹ díndín, mítì páì àti míńírà tútù. Ọmọ á gé mítì páì jẹ lẹ́ẹ̀mejì, á lóun ti yó, á sá padà sídìí bọ́ọ̀lù. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń jẹ adìyẹ yẹn? Ajá mègáàdì. Ajá náà sanra ju èmi tí mò ń ta oúnjẹ lọ.

Iyán ńkọ́? Mo mọ̀ pé Ìjẹ̀ṣà ni wá, a kì í fi iyán ṣeré. Ṣùgbọ́n iyán tó ti le sínú fúláàsì, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò, fún ọmọ ọdún mẹ́fà tí iṣẹ́ ìṣirò ṣì ń dúró dè? Oorun á gbé e lọ lórí tábìlì, epo á sì ti yí gbogbo ìwé rẹ̀.

Ẹ̀wà tí kò gbóná tí kò tutù, tẹ́ ẹ dé pa láti òwúrọ̀, lè kan kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ẹ má ha ẹ̀pà fún ọmọ ọlọ́mọ. Ara àwọn kan kọ̀ ọ́.

Nígbà O'Meals, ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹrin là ń bu oúnjẹ fún: ìrẹsì, ẹ̀wà, iṣu, pẹ̀lú ẹyin, ẹja tàbí adìyẹ. Síbẹ̀, àwọn ìyá kan á gbé kúlà wá lé e lórí. Ọmọ á ti kúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí ohun tẹ́gbẹ́ rẹ̀ ń jẹ ló ń wù ú. Owó gbé.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Èyí tó mú mi gbé kálámù gan-an ni tàwọn òṣómàáló. Ẹ ṣáà mọ ìtàn náà: àwọn baba wa á ta aṣọ láwìn káàkiri, bọ́jọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn ò ní dìde àfi tí wọ́n bá gbowó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá kan ń ṣe fọ́mọ rẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Á ká ìró sókè, á lóṣòó síwájú ọmọ lábẹ́ igi máńgòrò, ṣíbí lọ́wọ́. "Yanu. Gbé e mì. Ó ku mẹ́ta." Ọmọ á máa wo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ìrẹsì á wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún bí ẹni tí eyín ń dùn. Àwọn ọmọ yòókù á yí wọn ká, wọ́n á máa bá wọn kà á: "Ó ku méjì!" Lọ́jọ́ kan, agogo lù. Ọmọ tu ìrẹsì sílẹ̀, ó sáré wọ kíláàsì. Kò yó, kò ṣeré, kò mumi. Ìyá kọjú sí mi: "Ìyá onírẹsì, ẹ ò rí ọmọ yìí?" Mo rí i, ìyàwó wa. Ìwọ ni mi ò mọ ohun tí mo lè rí sí.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni ìsinmi wọn lọ́dọ̀ wa. Inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n ń tọ̀, tí wọ́n ń jà, tí wọ́n sì ń parí ìjà. Ẹ yọjú lẹ́ẹ̀kan ní sáà, ẹ mú ọsàn tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání, kí ẹ máa lọ. Tó bá jẹ́ pé oúnjẹ ni kì í jẹ, ẹ bi tíṣà rẹ̀.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé abọ́ tó ṣófo. Ọmọ mi kejì, abọ́ rẹ̀ máa ń mọ́ fóní, mo sì ń fi yangàn. Àfìgbà tí ìyá kan dì mọ́ mi nípàdé òbí, tó ń dúpẹ́ mọ́ínmọ́ín tí mò ń fún ọmọ òun. Mọ́ínmọ́ín wo? Odindi sáà kan lọmọ mi ti ń fi mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin gba bisikíìtì. Bisikíìtì méjì sí mọ́ínmọ́ín kan! Ọmọ òṣómàáló, kò tiẹ̀ mọ ọjà á tà.