Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí ríra káàdì tẹlifíṣọ̀n fún kọ̀ǹpútà

Tí ẹ̀gbọ́n yín ní Houston bá ní òun fẹ́ fi káàdì tẹlifíṣọ̀n ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ lè máa wo ìròyìn àti bọ́ọ̀lù lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì máa gbà á sílẹ̀, ẹ yára pè é kó tó sanwó. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ ní owó gan-an ni kó fi ránṣẹ́. Káàdì tí wọ́n ń tà lọ́hùn-ún, ATSC ni wọ́n ṣe é fún, torí ATSC ni àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà fi ń gbé àwòrán sójú òfuurufú. DVB-T2 ni Nàìjíríà àti Benin mú ní tiwọn. Káàdì ATSC kò ní rí nǹkan kan he ní Ìbàdàn, bó ti wù kó wọ́n tó. Kò sì sí software tó lè tún un ṣe, nítorí inú ṣíìpù tó ń tú sìgínálì ni ọ̀rọ̀ náà wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Brazil: láti ọdún 2007 ni wọ́n ti ń lo ISDB-T, èyí tí wọ́n mú lọ́dọ̀ àwọn ará Japan. Ẹni tó bá ra káàdì ní Salvador kò lè lò ó ní Kútọnu.

Ohun tó ń mú àṣìṣe yìí rọrùn ni pé orúkọ kan náà ló máa ń wà lára páálí. Hauppauge, tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, ń ṣe WinTV-dualHD àti WinTV-quadHD ní ẹ̀yà méjì, ọ̀kan fún Amẹ́ríkà, ọ̀kan fún Yúróòpù. HDHomeRun náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má wo orúkọ. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DVB-T2 sí. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ fi káàdì náà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

“Digital ni, HD ni”

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó dà bíi flash, tó ní áńtẹ́nà tín-ínrín tí ìdí rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ irin, pẹ̀lú rìmóòtù tí kò ju káàdì ATM lọ. Ó pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì pọ̀ lórí àtẹ. “Digital TV” ló wà lára rẹ̀, wọ́n tún lè fi “HD” kún un. Òótọ́ ni, digital ni, ṣùgbọ́n DVB-T lásán ni púpọ̀ nínú wọn, kì í ṣe DVB-T2. RTL2832U ni ṣíìpù tó sábà máa ń wà níbẹ̀. Tí ẹ bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà Windows, tí ẹ ṣí Device Manager, tí ẹ wo Hardware Ids rẹ̀, tí ẹ sì rí VID_0BDA àti PID_2838, irú rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà gbọ́ rédíò ọkọ̀ òfuurufú fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ó sì yẹ wọ́n. Ẹni tó fẹ́ wo tẹlifíṣọ̀n DVB-T2 ni kò wúlò fún.

Ní London ọ̀rọ̀ náà tún ń dani lójú rú ju tilé lọ, torí DVB-T àti DVB-T2 ni Freeview ń lò pa pọ̀. Ìkànnì HD wà lórí DVB-T2, púpọ̀ nínú ìyókù sì wà lórí DVB-T. Ẹni tó ra ẹ̀rọ kékeré yẹn ní Peckham á rí ìkànnì tó pọ̀, inú rẹ̀ á dùn, kò ní mọ̀ pé gbogbo HD ti bọ́ sọ́nù. Tó bá wá gbé e bọ̀ wálé nígbà Kérésì, á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rò pé ẹ̀rọ òun bàjẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Káàdì DVB-T2 lè ka DVB-T. DVB-T kò lè ka DVB-T2. Báyìí náà ni DVB-S àti DVB-S2 ṣe rí fún ẹ̀yin tó ń lo díìṣì.

Ìkànnì tí wọ́n tì pa

Ibí yìí ni ìjà pọ̀ sí. Ẹnì kan á ra káàdì DVB-T2 gidi, á yọ wáyà GOtenna (áńtẹ́nà GOtv) orí òrùlé kúrò lára dẹ̀kódà, á ki í bọ káàdì, á ní kó máa wá ìkànnì. Orúkọ á sì máa jáde lóòótọ́, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, wọ́n á tò sílẹ̀ rẹrẹẹrẹ, Africa Magic Yoruba náà á wà níbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Dúdú. Kò sí àwòrán, kò sí ohùn. Ó tẹ òmíràn, bákan náà. Ó di kó gbé fóònù, kó máa pe ẹni tó tà á fún un ní gbájú-ẹ̀.

Káàdì kò ṣẹ̀, ẹni tó tà á náà lè má ṣẹ̀. GOtv, StarTimes àti DStv máa ń ti ìkànnì wọn pa kí ẹni tí kò sanwó má bàa wò ó, inú dẹ̀kódà wọn sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Wọn kì í ti orúkọ ìkànnì pa ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń jáde. Owó oṣù tí ẹ ń san, dẹ̀kódà ló wà fún. Kò kan káàdì inú kọ̀ǹpútà. Àwọn káàdì kan wà tó ní ihò tí wọ́n ń ki CAM bọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń ṣí ìkànnì tí wọ́n tì pa, wọ́n sì máa ń wọ́n ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ẹ má tìtorí ihò yẹn fi owó kún owó láìkọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tí ẹ ń sanwó fún bóyá wọ́n ń fún oníbàárà ní CAM tó lè ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá sì ní òun ní software tó ń ṣí gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè mọ ohun tí káàdì máa fún yín kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Púpọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n pẹrẹsẹ tuntun ti ní DVB-T2 nínú. Ẹ ki wáyà áńtẹ́nà bọ ẹ̀yìn rẹ̀ láìlo dẹ̀kódà, ẹ mú DTV, ẹ jẹ́ kó wá ìkànnì tán. Tí tiyín kò bá ní in, ẹ yá ti aládùúgbò fún ìrọ̀lẹ́ kan. Èyí tó bá ṣí níbẹ̀ ló máa ṣí lórí kọ̀ǹpútà. Èyí tó bá dúdú níbẹ̀, dúdú ló máa wà. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn kì í ṣe èyí. Bí ìkànnì méjì péré ló bá ṣí, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi owó yín rà nìyẹn.

Àwọn kan á ní kò burú, àwọn á kúkú ra èyí tó ń gba HDMI, kí àwọn so dẹ̀kódà mọ́ ọn. Nǹkan mìíràn nìyẹn pátápátá, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń tà wọ́n lórí àtẹ kan náà. Kò ní ibi tí wọ́n ń ki áńtẹ́nà sí, kò lè yí ìkànnì fúnra rẹ̀. HDCP sì sábà máa ń wà lójú ihò HDMI dẹ̀kódà, èyí tí wọ́n fi ń dènà gbígbà sílẹ̀, àwòrán dúdú náà ni ẹ tún máa bá pàdé.

Tokunbo

Káàdì tokunbo tí ẹ rí ní Computer Village tó ní rìmóòtù, ihò FM àti ihò RCA aláwọ̀ ìyeyè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ánálọ́ọ̀gù. Ìlú Jos ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ìyípadà sí digital ní 30 April 2016, ìyípadà náà kò sì tíì kárí, ṣùgbọ́n kò bọ́gbọ́n mu kéèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa náwó sórí ohun tó ń lọ sílé. Ti London kò tilẹ̀ bá ti wa mu nígbà ayé ánálọ́ọ̀gù: ohùn tiwọn jìnnà sí àwòrán ní 6.0 MHz, tiwa jẹ́ 5.5 MHz. Àwòrán á mọ́ kedere, ohùn á máa hó ṣáá. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè tìtorí rẹ̀ ra irú káàdì bẹ́ẹ̀ ni ihò RCA yẹn, kí n fi gba fídíò VHS ìgbéyàwó àwọn òbí sórí kọ̀ǹpútà kí téèpù tó jẹrà.

Kọ̀ǹpútà tokunbo náà ní tirẹ̀. Àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kó kúrò ní ọ́fíìsì òyìnbó, irú Dell OptiPlex kékeré, káàdì kúkúrú nìkan ló ń wọ inú wọn. Ẹ bá ra èyí tó ga, ìdérí kò ní pa dé. Ẹ ṣí i wò kí ẹ tó lọ sọ́jà, kí ẹ wo bóyá ihò PCI àtijọ́ ló ní tàbí PCIe, torí ọ̀kan kì í wọ ihò èkejì. Tí gbogbo èyí bá dà bíi wàhálà, ẹ ra ti USB.

Páálí tó bá ń fi Windows Media Center, software Microsoft tí wọ́n fi ń wo tẹlifíṣọ̀n, yangàn, ó ti pẹ́ lórí àtẹ: Windows 10 ti yọ ọ́ kúrò láti ọdún 2015. Software mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, NextPVR, jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì dáa. Ẹni tó ń lo Linux lè gbé Tvheadend kalẹ̀. Ẹ rí i dájú pé dráífà wà fún Windows tí ẹ ń lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ fún Windows XP.

Nígbà tí ẹ bá wá fẹ́ gbà á sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kọ̀ǹpútà alágbára ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Rárá. Láti iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti fún àwòrán pọ̀ wá. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe kò ju kó kọ ọ́ sórí díìsìkì bó ṣe ń wọlé. Àyè ló ń fẹ́. Ìkànnì HD tó ń wá ní 8 Mbps á jẹ 3.6 GB ní wákàtí kan. Èyí tó ń wá ní 4 Mbps á jẹ ìdajì rẹ̀.

Ẹ wá wo bí èyí ṣe ń pa àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù lẹ́kún. Flash 32 GB sábà máa ń wá pẹ̀lú FAT32, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń to fáìlì sórí rẹ̀, láti ilé iṣẹ́. FAT32 kì í gba fáìlì kan tó bá ti kọjá 4 GB, bí àyè tilẹ̀ ṣẹ́kù rẹpẹtẹ. Ní 8 Mbps, ìyẹn kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 70 lọ. Ẹ ka àkókò ìsinmi mọ́ ọn, ìdajì kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ni fáìlì kún. Software mìíràn á gé e sí méjì. Òmíràn á dákẹ́ síbẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ títí ẹ ó fi dé láti ibi iṣẹ́. Ẹ fọ́máàtì rẹ̀ sí NTFS tàbí exFAT kí ẹ tó lò ó, kí ẹ sì kó ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò ná, torí yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Ti iná wá ńkọ́? Tí software yín bá ń béèrè irú fáìlì tí ẹ fẹ́, ẹ mú TS, ẹ má mú MP4. Tí NEPA bá mú iná lọ lójijì, fáìlì TS á ṣí títí dé ibi tó gbà dé. MP4 kì í sábà ṣí rárá, torí ìparí ni wọ́n ń kọ àtọ́ka tó ń jẹ́ kó ṣí, kọ̀ǹpútà sì ti kú kó tó kọ ọ́. Ẹ lè wá yí TS sí MP4 lẹ́yìn náà, nígbà tí ara bá ti balẹ̀.

Èyí tó kù, àwọn onílaptop ló máa ń ṣe. Wọ́n á ní bátìrì wà, ẹ̀rù iná kò ba àwọn. Bátìrì wà lóòótọ́, laptop sì ń gbà á sílẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n booster tó ń fún áńtẹ́nà lágbára, ara ògiri ló wà. Iná lọ, booster kú, sìgínálì ti wálẹ̀, fáìlì tí ẹ máa bá kò ní àwòrán kankan nínú láti ìgbà tí iná ti lọ títí tí ẹnì kan fi tan jẹnẹrétọ̀. Orí inverter tàbí UPS ni kí ẹ so booster mọ́, kódà bí ẹ ò bá so laptop fúnra rẹ̀ mọ́ ọn.