Àṣìṣe Tí Àwọn Ará Ilé Ń Ṣe Bí Wọ́n Bá Lọ Kọ́lé Sétí Òkun

Iléṣà ni mo ń gbé, iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mo ń ṣe, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ra ilẹ̀ sétí òkun l'Ékòó sì máa ń mú mi dání lọ síbẹ̀. Ọmọ òṣómàáló kì í fi owó ṣeré nílé. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé bí a bá ti gbọ́ ìró òkun, ńṣe la máa ń kó o dà sómi?

Àkọ́kọ́, ẹ yé ka irin. Gbogbo yín lẹ máa ń sọ fún mi pé ilé yín á ní ìfaradà nítorí pé òpó rẹ̀ ki, ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì jìn. Ìfaradà létí òkun kọjá pé kí ilé má wó. Omi á wọlé lọ́jọ́ kan. Nígbà tó bá fà, ṣé iná á tàn? Ṣé ẹ̀rọ tó ń fa omi á ṣiṣẹ́? Ọjọ́ mélòó lẹ máa lò níta kẹ́ ẹ tó lè padà sùn síbẹ̀? Ẹni tí kò tíì rí ìdáhùn sí i, kó má tíì pe bíríkìlà.

Ìkejì, ẹ má gé igi etí ọ̀sà dànù. Gbòǹgbò rẹ̀ ló ń pa agbára ìgbì.

Ìkẹta, ẹ má fi yanrìn òkun po kọnkéré. Mo ti sọ̀rọ̀ yìí títí ẹnu fi ń ro mí. Wọ́n á ní ó funfun, ó mọ́, ó sì sún mọ́ sáìtì. Iyọ̀ inú rẹ̀ ńkọ́? Mo nawọ́ kan abẹ́ balikóní ilé kan tí kò tíì pé ọdún méje, kọnkéré já lé mi lọ́wọ́ bí èèpo igi. Irin tó wà nínú rẹ̀ ti dà bí pákò tí wọ́n rún tán, orí rẹ̀ tú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Iyọ̀ ló ń mú kí irin dípẹtà. Ìpẹtà á wú ju irin lọ, á máa ti kọnkéré títí yóò fi là, ibi tó bá là ni iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun á tún gbà wọlé. Kò sí pílásítà tó lè wo èyí sàn.

Èmi náà jẹ̀bi rí. Ilé àkọ́kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀, bísíkítì mílímítà 25, ìyẹn ègé kọnkéré kékeré tí a ń fi sábẹ́ irin ní Iléṣà kí kọnkéré lè bo irin nípọn tó bẹ́ẹ̀, ni mo kó lọ. Owó àpò mi ni mo fi tún un ṣe. Ní báyìí, mílímítà 50 ni mo ń lò, pẹ̀lú yanrìn odò àti omi tí kò níyọ̀.

Ẹ tún gbọ́ ti ògiri tí a fi ń dí òkun. Láti ọdún 1908 ni ìjọba òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó kí ọkọ̀ lè rí ọ̀nà wọlé. Yanrìn tí ìgbì ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn dúró síbẹ̀. Etíkun Bar Beach tó wà ní ìlà-oòrùn kò rí yanrìn gbà mọ́, òkun sì jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ògiri tí ẹ dá mọ síwájú ilé yín nìkan lè ti ìjà òkun sọ́dọ̀ aládùúgbò. Ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó ra òkúta.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan tẹ́ pílánù sórí tábìlì mi ní Ìṣọ̀kún. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, níbo ni mítà iná máa wà?" Wọ́n fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ géètì, nísàlẹ̀ pátápátá. "Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?" Ibẹ̀ náà ni. Mo fún wọn ní pẹ́ńsù, a sì jọ gbé méjèèjì gòkè.