Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú eré tí oríire àti ọgbọ́n jọ ń darí

Má ṣe fi àbájáde dá ìpinnu lẹ́jọ́. Àṣìṣe yìí ló ń ba àwọn tó mọ̀ ọ́n ta jẹ́ jù. Ẹni tó ta dáadáa tí dáìsì já a kulẹ̀ á ní òun ò mọ nǹkan kan. Ẹni tó ta ìtakúta tí orí sì bá a ṣe é, á tún un ta lọ́la.

Má sì rò pé dáìsì jẹ ọ́ ní gbèsè. Bí o bá ju dáìsì kan nígbà mẹ́fà tí 6 kò jáde, kò sí àràmàǹdà níbẹ̀, bó ṣe máa ń rí nìyẹn ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta. Ìgbà keje, ọ̀kan nínú mẹ́fà náà ló ṣì wà.

Ibi tí ọgbọ́n ti ń ṣiṣẹ́ jù ni kíka ewu, ojú lásán ni ọ̀pọ̀ sì fi ń wò ó. Mú lúdò tí a ń fi dáìsì méjì ta, tí ọmọ lè rin iye ara ọ̀kan tàbí àpapọ̀ méjèèjì. Ọ̀nà 36 ni dáìsì méjì lè gbà jáde. Bí ọmọ rẹ bá fi ìgbésẹ̀ mẹ́fà ṣíwájú ọmọ alátakò, ọ̀nà 11 ni 6 ti máa hàn. 1 àti 5 fi méjì kún un, 2 àti 4 fi méjì, 3 àti 3 fi ọ̀kan. Ọ̀nà 16 ló lè pa á. Sún un síwájú ní ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo, kó di méje, ọ̀nà tó lè pa á di 6 péré! Kódà, ewu ẹni tó fi ìgbésẹ̀ kan ṣíwájú alátakò (ọ̀nà 11) kéré ju ti ẹni tó fi mẹ́fà ṣíwájú lọ. Ẹni tó ń sá fún ìtòsí láìkà á lè sá wọ ẹnu ikú.

Bí o bá ń ṣíwájú, má wá ìjà. Bí o bá ti kù lẹ́yìn gan-an, ìrọra-ta ló máa pa ọ́. Ìgbà yẹn ló yẹ kí o dán ohun tó léwu wò.

Má ṣe yí ọgbọ́n rẹ padà nítorí ọjọ́ burúkú kan. Ẹni tó lè borí nínú eré 55 nínú 100, bí wọ́n bá ta mẹ́ta kí wọ́n tó mọ olúborí, àǹfààní rẹ̀ láti borí kò ju nǹkan bí 57 nínú 100 lọ. Bó bá jẹ́ méje, nǹkan bí 61. Kọ ohun tí o yàn àti ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí dáìsì tó balẹ̀. Bí o bá dúró di ẹ̀yìn rẹ̀, ọkàn rẹ á ti tún ìdí náà ṣe.