Ohun tójú mi rí kí n tó dé igbó àwọn igi páìnì tó dàgbà jù láyé

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ torí òun ló ń dùn mí jù. Ẹni tó bá ń gbé Los Angeles bíi tèmi, tó fẹ́ lọ wo àwọn igi páìnì tí wọ́n ń pè ní bristlecone lórí òkè White Mountains ní California níbí, kò yẹ kó ná ju owó epo, owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ tó bá háyà lọ. Èmi san gbogbo ìyẹn, mo tún wá san owó ọkọ̀ tó wọ́ wa sọ̀kalẹ̀ látorí òkè, mo ra táyà tuntun, mo san owó òtẹ́ẹ̀lì tí ò sí nínú ètò mi rárá, nígbà tí mo ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ ó ju owó tí mo fi háyà ọkọ̀ náà lọ. Ọkọ̀ tí wọ́n kó fún mi ò ní sípíà táyà, wọn ò sì sọ fún mi.

Látilé dé Big Pine, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ẹ̀, títì 395 ni, ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ lọ. Ní Big Pine a yà sọ́wọ́ ọ̀tún sí títì 168, lẹ́yìn bíi máìlì 13 a yà sọ́wọ́ òsì sí White Mountain Road. Ẹ rọ epo kún ní Big Pine o, kẹ́ ẹ sì ra omi, torí kò sí ilé epo lókè yẹn.

White Mountain Road yìí la wà, títì ọ̀dà ṣì ni, ó ń gòkè lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ni àbúrò mi bá ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣẹ́ ẹ ń gbọ́ ariwo yẹn?" Mo dúró, mo bọ́ sílẹ̀, táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti rọ̀ pátápátá, òkúta ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan ti ya á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò tiẹ̀ bínú nígbà yẹn, torí láti ìgbà tí mo ti ń wakọ̀ n'Íbàdàn ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ táyà, kì í gbà mí lásìkò rárá. Mo ṣí búùtù, mo gbé kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sókè, ohun tí mo bá níbẹ̀ ni pọ́ǹpù kékeré kan àti ike gọ́ọ̀mù olómi. Ibi tó yẹ kí táyà wà, fóòmù ni wọ́n fi dí i.

Kí n ṣàlàyé fẹ́ni tí ò bá mọ̀. Gọ́ọ̀mù yẹn wà fún ihò ìṣó, ìyẹn ihò kékeré tó bá wà níbi tí táyà ti ń tẹlẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló ya, asán ni. A ṣáà gbìyànjú ẹ̀, a dà á sí i, a tan pọ́ǹpù, gbogbo ẹ̀ sì ń tú jáde sórí títì bí ẹ̀kọ gbígbóná. Nẹ́tíwọ̀kì ńkọ́? Kò sí. Àbúrò mi gbé fóònù sókè rìn dé kọ́nà tó wà níwájú, ó rìn padà dé èyí tó wà lẹ́yìn, kò rí nǹkan kan. Oòrùn ń jó wa, afẹ́fẹ́ sì tutù, ọkọ̀ ò sì kọjá fún ìgbà pípẹ́. Bàbá àgbà òyìnbó kan àtìyàwó ẹ̀ ló pàpà dúró, wọ́n fún wa lómi, wọ́n ní àwọn á bá wa sọ fún àwọn olùṣọ́ igbó táwọn bá dókè. Ọlọ́run á ṣe tiwọn níre. Wọ́n ṣe é lóòótọ́, olùṣọ́ igbó kan sọ̀kalẹ̀ wá bá wa, ó fi rédíò ẹ̀ bá wa pe towing láti àfonífojì. Ẹni tó wá gan-an ò tiẹ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ títí mo fi na kírédíìtì káàdì sí i.

Ibi tínú ti bí mi jù nìyí: nígbà tá a dé ibi tí nẹ́tíwọ̀kì wà, mo pe ilé iṣẹ́ tí mo ti háyà ọkọ̀, wọ́n ní ó wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí pé ọ̀rọ̀ táyà, tèmi ni. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní káńtà lọ́jọ́ tí mo gbọkọ̀, ó ráyè polówó ìnṣọ́ránsì oríṣiríṣi fún mi, ó ráyè bi mí bóyá mo fẹ́ àga ọmọdé, kò wá rí ẹnu sọ pé ọkọ̀ yìí ò ní sípíà. Mo sì sọ ibi tá à ń lọ fún un! Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó kúrò ní páàkì wọn, ẹ ṣí búùtù, ẹ fojú ara yín rí táyà. Tí kò bá sí, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀.

A sun ìlú Bishop. Àbúrò mi ní ká máa lọ sílé, mo ní rárá, táyà ò lè lé mi padà. Láàárọ̀ tí wọ́n fi tuntun sí i tán, a tún forí lé òkè, a sì débẹ̀!

Schulman Grove lorúkọ ibi tí títì ọ̀dà parí sí, ó ga tó 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, ẹ̀ẹ́ rí i pé ẹ̀ẹ́ máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ilẹ̀ ibẹ̀ funfun, òkúta dolomite ni, ọ̀pọ̀ igi mìíràn ò fẹ́ràn ẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí bristlecone ráyè. Edmund Schulman, ọ̀mọ̀wé láti yunifásítì Arizona tí wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ, òun ló rí i pé àwọn tó wà níbi tó le jù gan-an ló ń pẹ́ jù. Àwọn tí ilẹ̀ dáa fún máa ń tètè ga, wọn kì í sì í pẹ́ tó ti ibi líle. Èyí tó wà níbi líle lè má fi ju ínǹṣì kan sanra láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, igi ẹ̀ á le, oje á kún inú ẹ̀, kòkòrò ò ní lè jẹ ẹ́. Ẹ̀ẹ́ rí òmíràn tó ti gbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù sára ẹ̀, èèpo yẹn ló ń bọ́ ẹ̀ka kan lókè, ẹ̀ka yẹn sì tutù yọ̀yọ̀. Ewé ẹ̀ gan-an lè wà lára igi fún ọgbọ̀n ọdún sí ogójì. Àbúrò mi di ọ̀kan mú, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ewé yìí lè jẹ́ ẹgbẹ́ mi o."

A rin ọ̀nà Methuselah, ó lé ní máìlì mẹ́rin, a ń sinmi lóòrèkóòrè ṣùgbọ́n a rìn ín tán. Mètúsélà inú Bíbélì gbé 969 ọdún, igi tí wọ́n fi í sọ yìí ti lé ní 4,800. Schulman ló ka ọjọ́ orí ẹ̀ lọ́dún 1957. Ó wà lójú ọ̀nà yẹn, àmọ́ àwọn olùṣọ́ igbó kì í sọ èyí tó jẹ́, mo sì gbà pẹ̀lú wọn, torí èèyàn lè ṣe igi bẹ́ẹ̀ níjàǹbá. Lọ́dún 1964, ní Wheeler Peak ní Nevada, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Donald Currey gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n gé bristlecone kan lulẹ̀ kó lè ka òrùka inú ẹ̀, ìyẹn àmì róbótó tí igi máa ń ní lọ́dọọdún. Òrùka 4,862 ni wọ́n padà kà nínú ẹ̀! Igi tó ti wà kí wọ́n tó kọ́ píramídì ńlá ní Íjíbítì, wọ́n wá fi ayùn gé e. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí.

Ẹ má ṣa igi gbígbẹ ilẹ̀ ibẹ̀ o, kódà kó kéré. Òrùka inú irú ẹ̀ làwọn ọ̀mọ̀wé so pọ̀ mọ́ ti igi tó ṣì wà láàyè, tí wọ́n fi tún ìṣirò carbon ṣe, èyí tí wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí nǹkan àtijọ́.

A ò dé Patriarch Grove, igbó bristlecone mìíràn tó wà níwájú, torí ọ̀nà ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà, òkúta ló pọ̀ ńbẹ̀, ìwé ilé iṣẹ́ tí mo ti háyà ọkọ̀ ò sì gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní jíìpù tó ní sípíà gidi, mo ti bá a sọ ọ́, oṣù Kẹjọ la ó lọ, torí òjò dídì máa ń ti ọ̀nà yẹn pa nígbà òtútù. Ní ti owó mi, mo ti kọ lẹ́tà sí wọn pẹ̀lú rìsíìtì gbogbo ẹ̀, wọ́n ní àwọn ń yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò sì ní dákẹ́ bíbéèrè ẹ̀.