Bí ẹ ṣe lè yan ètò ìkọ̀wé tó bá iṣẹ́ yín mu lórí kọ̀ǹpútà

Kí ẹ tó yan ètò tí ẹ óò máa fi kọ fáìlì, ẹ kọ́kọ́ wo iye wákàtí tí ẹ ń lò nínú fáìlì lóòjọ́, àti ibi tí fáìlì náà wà. Ẹni tó ń kọ orúkọ oníbàárà àti iye owó sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Yaba kò nílò ju Notepad tó bá Windows wá lọ. Ẹni tó ń tún ìlà méjì tàbí mẹ́ta ṣe lórí sẹ́fà (kọ̀ǹpútà tí a ń bá ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn) tó wà lókèèrè, nano ti tó fún un, torí pé ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ ni ó kọ bọ́tìnì rẹ̀ sí: Ctrl+O láti fi iṣẹ́ pamọ́, Ctrl+X láti jáde.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ fún ẹni tó ń jókòó ti kóòdù tàbí ìwé gígùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Irú wọn ni GNU Emacs, tó ti wà láti 1985, àti Vim, tí Bram Moolenaar gbé jáde ní 1991, wúlò fún, nítorí pé oníṣẹ́ lè tún wọn ṣe títí wọn yóò fi bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Vim ni mo ń lò. Bí ẹ bá ṣí i, àṣẹ ni ó ka lẹ́tà tí ẹ bá tẹ̀ sí: ẹ óò tẹ lẹ́tà “i” kí ẹ tó lè kọ̀wé, ẹ óò tẹ Esc bí ẹ bá parí, lẹ́yìn náà ẹ óò kọ :wq, kí ẹ tẹ Enter, láti fi pamọ́ kí ẹ sì jáde. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀, vimtutor, ń gba nǹkan bí ìdajì wákàtí. Mo rọ̀ yín kí ẹ kọ́kọ́ ṣe é.

Ohun méjì ni mo fi ń dán ètò wò ní Èkó níbí. Èkíní ni iná. Vim ń tọ́jú ohun tí a ń kọ sínú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .swp, lẹ́yìn lẹ́tà 200 tàbí bí a bá dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 4. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí bátìrì kò sì gbé e mọ́, vim -r àti orúkọ fáìlì ni a óò fi gba púpọ̀ nínú rẹ̀ padà. Nano kò ní irú ìtọ́jú yìí, nítorí náà ẹ máa tẹ Ctrl+O léraléra.

Èkejì ni àmì ohùn wa, èyí ló sì ká mi lára jù. Lẹ́tà ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá a mọ̀: ẹ ni U+1EB9, àmì orí rẹ̀ ni U+0301. Mo ti fi ìkánjú tọ́jú ìwé àdéhùn ilé kan rí láìyan UTF-8, ọ̀nà tí a fi ń tọ́jú lẹ́tà Unicode sínú fáìlì. Nígbà tí mo tún ṣí i, àmì ìbéèrè ni mo bá níbi tí ẹ, ọ àti ṣ wà, gbogbo rẹ̀ ni mo sì tún kọ. Ẹ kọ gbólóhùn kan tó kún fún àmì, ẹ fi pamọ́, ẹ pa ètò náà, kí ẹ wá tún un ṣí. Nínú Vim, mo fi ìlà yìí sínú fáìlì .vimrc, tí Vim máa ń ka ètò rẹ̀ nígbà tí a bá ṣí i: inoremap ;e ẹ. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti tẹ ;e, ẹ ló ń jáde; mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ àti ṣ pẹ̀lú.

Ẹ má ṣe da ọgọ́rùn-ún ìlà tí ẹlòmíràn kọ sínú .vimrc yín, ẹ jẹ́ kí nǹkan dí yín lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó wá ìlà tí yóò yanjú rẹ̀. Kí ẹ sì fi ẹ̀dà .vimrc yín ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, torí pé lọ́jọ́ tí ẹ bá ra kọ̀ǹpútà mìíràn ní Computer Village ní Ikeja, fáìlì kékeré yẹn nìkan ni ẹ óò gbé sínú rẹ̀.